Èwo Nínú Wọn Ni Gùrásà Bàbá?

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo gbé wá fún yín lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe oúnjẹ wàlímà, kì í sì í ṣe oúnjẹ ọdún. Gùrásà ni, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ Kánò, èyí tí wọ́n máa ń la inú rẹ̀ kí wọ́n fi ẹran sísun sí i, tàbí kí wọ́n ya á wẹ́wẹ́ kí wọ́n fi òróró ẹ̀pà àti kúlíkúlí lílọ̀ pò ó. Ọmọ Yorùbá tí a bí sí Sabon Gari ni mí, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe níbẹ̀, mo sì ti rò pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè kọ́ mi nípa gùrásà. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín bí ojú mi ṣe là.

Ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn ni ìyá mi jáde láyé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kí Ọlọ́hun fi àlùjánnà kẹ́ wọn. Láti ìgbà náà ni oúnjẹ kò ti wọ bàbá mi lọ́fun mọ́. Wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Bí ìyàwó àbúrò mi bá gbé àmàlà síwájú wọn, wọn á bu òkèlè méjì, wọn á dúpẹ́, wọn á sì rọra ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò títí, kò rí àrùn tí ó lè tọ́ka sí ju ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ti ń lo oògùn rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Agbádá tí wọ́n dá fún ìgbéyàwó ọmọ mi àgbà wá di ohun tí ń wọ́ nílẹ̀ lára wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àbúrò mi pè mí lórí fóònù, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá ní kí n sọ fún yín pé gùrásà ń wu àwọn jẹ." Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi rántí bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo tí ó yẹ kí n bi í.

Bí ẹ kò bá mọ Sabon Gari, ẹ jẹ́ kí n júwe rẹ̀ ní ṣókí. Ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Hausa ni "ìlú tuntun". Ọkọ̀ ojú irin dé Kánò ní ọdún 1911, nígbà tí ó sì di nǹkan bí ọdún 1913, àwọn òyìnbó amúnisìn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ lẹ́yìn odi ìlú fún àwọn òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò tí wọ́n tẹ̀lé ojú irin náà wá láti Gúúsù. Ní ọdún 1916, àwọn Hausa náà rí ilẹ̀ tiwọn gbà ní Ìbàdàn, a sì ń pe ibẹ̀ ní Sábó títí di òní. Orúkọ kan náà ni. Ohun tí Sábó jẹ́ fún wọn lọ́dọ̀ wa ni Sabon Gari jẹ́ fún wa lọ́dọ̀ wọn: ilé àlejò tí ó ti di ilé ìbí fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Ẹ ó rí Yoruba Road àti Ibo Road ní àdúgbò wa, ẹ ó sì gbọ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ń fi èdè Hausa bú ọmọ Ọ̀fà, tí èkejì rẹ̀ yóò fi èdè Hausa dá a lóhùn. Ọdún méjìlélógójì ni bàbá mi fi ta aṣọ níbẹ̀, láti ọdún 1957 títí di ọdún 1999 tí wọ́n padà sílé.

Ṣùgbọ́n gùrásà ti wà nínú odi Kánò kí àwa tó dé. Òwò tí ń gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá ti so Kánò mọ́ Tírípólì àti àwọn ìlú Lárúbáwá mìíràn láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé ọwọ́ àwọn Lárúbáwá ni Kánò ti kọ́ ọ. Ní ilẹ̀ Sudan pàápàá, búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan wà tí orúkọ rẹ̀ jọ èyí gan-an. Ìyẹ̀fun àlìkámà, yíìsì, iyọ̀ àti omi: ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ wà ní ìsinmi lọ́wọ́, mo sì pinnu pé n ó wá èyí tí ó dára jù lọ ní gbogbo Kánò fún Bàbá. Nǹkan kan ni ó kọ́kọ́ dá mi dúró. Wọ́n kọ́ wa ní ilé kéwú pé Ànábì wa kì í bu ẹnu àtẹ́ lu oúnjẹ. Bí ó bá wù wọ́n, wọn a jẹ ẹ́, bí kò bá sì wù wọ́n, wọn a fi í sílẹ̀. Báwo ni èmi yóò ṣe wá máa fi gùrásà ẹnìkan wé ti ẹlòmíràn? Mo bá dá a sí ọ̀nà mẹ́ta tí kò ní mú ẹ̀gàn lọ́wọ́. Èkíní, ǹjẹ́ eyín tí ó kù lẹ́nu Bàbá lè jẹ ẹ́? Èkejì, ǹjẹ́ iyọ̀ inú rẹ̀ kò ní pọ̀ jù fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru? Ẹ̀kẹta, ǹjẹ́ ó lè rìn láti Kánò dé Ògbómọ̀ṣọ́ kí ó má bàjẹ́? Mo mú àwọn ọmọ mi mẹ́ta dání gẹ́gẹ́ bí adájọ́. Kò sí adájọ́ tí ó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ Àlàrùba, a lọ sí etí ọjà Sabon Gari, ọjà tí ìjọba fi orúkọ Abubakar Rimi sọ, ẹni tí ó jẹ́ gómìnà Kánò láti ọdún 1979. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ń ta èyí tí wọ́n ń pè ní bandashe. Ó ya gùrásà wẹ́wẹ́ sínú abọ́ ńlá, ó da kúlíkúlí lílọ̀ lé e, ó wọ́n ata sí i, ó da òróró ẹ̀pà yí i ká, ó sì gé àlùbọ́sà, tòmátò, kábéèjì àti kùkúḿbà sí i, ó wá fi ọwọ́ tí ó fi ọ̀rá bò pò ó títí gbogbo rẹ̀ fi ń dán. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó dùn! Kúlíkúlí náà rọra ń rún lábẹ́ eyín, kábéèjì ń tu ni lẹ́nu, òróró ẹ̀pà sì ń mú gbogbo rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀. Ọmọ mi kékeré lá abọ́ rẹ̀. Mo fi díẹ̀ pamọ́ láti dán an wò. Kí a tó kí ìrun àsárì tán, omi tòmátò ti sọ ọ́ di ẹ̀kọ. Oúnjẹ ẹni tí ó dúró ti ọlọ́jà ni bandashe. Kì í ṣe oúnjẹ arìnrìn-àjò.

Ní ọjọ́ Àlàmísì, a lọ sí ilé oúnjẹ kan tí wọ́n fi gíláàsì ṣe ojú rẹ̀, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí ni lára. Inú páànù lórí gáàsì ni wọ́n ti ń dín gùrásà tiwọn. Wọ́n la inú rẹ̀, wọ́n to balangu sí i, ìyẹn ẹran tí wọ́n sun láìfi ẹ̀tù kúlíkúlí ra á lára bí ti súyà, wọ́n fi àlùbọ́sà lé e, wọ́n sì wé e sínú bébà tí ń dán bí fàdákà. Ó rọ̀ bí òwú. Ẹran náà kò le, iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n, ibẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Owó rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ọjà. Àwọn adájọ́ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ohùn kan ṣoṣo dá a láre. Ọ̀kan nínú wọn ní ó jọ èyí tí àwọn ń rí nínú fíìmù. Èmi nìkan ni mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá di ojú, n kò lè sọ pé gùrásà ni mo ń jẹ, kì í ṣe búrẹ́dì lásán. Ṣùgbọ́n ó yege nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo là sílẹ̀. Kí ni mo tún ń wá?

Síbẹ̀, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, mo wọ inú odi ìlú lọ, sí àdúgbò Dala, níbi tí wọ́n ń pè ní Chediyar 'Yan Gurasa. Bí a bá tú orúkọ náà sí Yorùbá, "igi ọ̀dán àwọn onígùrásà" ni. Àwọn obìnrin ni ó ni iṣẹ́ náà níbẹ̀, ìyá ni ó sì ń kọ́ ọmọ. Ìyá àgbàlagbà kan ni mo bá nídìí tandérù, ìyẹn ààrò amọ̀ tí ó rí bí ìkòkò ńlá, tí wọ́n ń dá iná igi sí nínú. Ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò tí ó sì ti wú ni wọ́n ń tẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n wọ́n omi sí i, wọ́n sì ń fi ọwọ́ gbá a mọ́ ara ògiri ààrò náà ní inú gbígbóná yẹn. Ó ń lẹ̀ mọ́ ọn, kì í jábọ́, títí yóò fi jinná. Nígbà tí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ní àwọ̀ iná, inú rẹ̀ kún fún ihò kéékèèké, òórùn igi ìdáná sì wà lára rẹ̀.

A jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀ ní èdè Hausa. Wọ́n ní àpò ìyẹ̀fun ti wọ́n kọjá agbára àwọn. Mo rántí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àwọn obìnrin onígùrásà Kánò jáde síta láti fi ẹ̀hónú hàn nítorí ọ̀wọ́n ìyẹ̀fun. Mo sì tún rántí ìgbà èwe mi, nígbà tí ìjọba fi òfin de àlìkámà òkèèrè ní ọdún 1987, tí wọn kò sì gbé òfin náà kúrò títí di ọdún 1992. Ní àkókò náà, gùrásà kéré títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Mo ra mẹ́fà. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé bàbá mi arúgbó tí ń gbé ilẹ̀ Yorùbá ni mo ń wá a fún, wọ́n fi méjì ṣe èènì fún mi. Wọ́n ní, "Má fi nǹkan kan sí i. Arúgbó mọ ohun tí yóò fi jẹ ẹ́." Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ mí létí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ bá ẹlẹ́ran kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní Sabon Gari. Ó là wọ́n, ó fa tsire, tí àwa ń pè ní súyà, yọ lára igi sínú wọn, ó sì bu ata yaji lé e. Kí n má parọ́ fún yín, èyí ni ó dùn mọ́ èmi lẹ́nu jù lọ. Ṣùgbọ́n ó gba eyín. Yaji náà níyọ̀. Gùrásà tandérù sì máa ń le bí ó bá ti sùn mọ́jú. Mo ṣe ìdájọ́ mi: ti ilé oúnjẹ onígíláàsì ni yóò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ra mẹ́fà, mo fi í sínú fírísà mọ́jú, mo sì tò ó sínú kúlà pẹ̀lú omi dídì. Méjì tí a fi ṣe èènì, mo fi bébà wé e, mo sọ ọ́ sínú báàgì mi, pé n ó fi panu lọ́nà.

A gbéra lẹ́yìn ìrun àsùbáà ọjọ́ Sátidé. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a kọjá odò Ọya ní Jẹ́bà, ilẹ̀ sì ti ṣú pátápátá kí a tó dé Ògbómọ̀ṣọ́. Èébì ọkọ̀ kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ohunkóhun lọ́nà. Bàbá kò tíì sùn. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń dúró dè mí. Mo kúnlẹ̀, wọ́n sì fi oríkì mi kí mi: "Àbẹ̀kẹ́, o kú ọ̀nà jíjìn. Ṣé àlàáfíà ni àwọn ọmọ wà?" Mo yára wọ ilé ìdáná, mo gbé gùrásà onífàdákà náà gbóná, mo gé e sí mẹ́rin, mo sì gbé e síwájú wọn.

Wọ́n bu ẹyọ kan jẹ. Wọ́n jẹ ẹ́ pẹ́. Wọ́n ní, "O ṣé, Àbẹ̀kẹ́. Ó dára. Ọlọ́hun yóò san ọ́ ní ẹ̀san rere." Lẹ́yìn náà, wọ́n rọra ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú arúgbó rí yóò mọ ohun tí mo ń sọ. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n bú mi ni, ìbá sàn. Mo ronú gbogbo ọ̀nà tí mo rìn, owó tí mo ná, adájọ́ mẹ́ta tí mo kó kiri ìlú, omijé sì ń bọ̀ lójú mi. N kò fẹ́ kí wọ́n rí i. Mo fa báàgì mi mọ́ra, pé kí n mú ìbòrí mi jáde fi nu ojú. Ìgbà náà ni Bàbá gbé orí sókè. Wọ́n ní, "Kí ni ń rùn bí igi ìdáná yẹn?"

Mo yọ bébà náà jáde. Ojú tì mí láti fi í hàn wọ́n, nítorí pé ó ti le gbandi. Wọ́n gbà á, wọ́n fi kan ara abọ́, ó dún kọ́kọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ ìsìnkú ìyá wa, n kò tíì gbọ́ ẹ̀rín wọn. Wọ́n ní, "Wọ́n omi sí i, kí o dé ìkòkò lé e lórí iná díẹ̀. Kí o bu òróró ẹ̀pà sínú àwo fún mi. Má fi ẹran sí i." Mo ṣe bí wọ́n ti wí. Gùrásà tí mo ti dájọ́ pé eyín wọn kò lè jẹ rọ̀ lọ́wọ́ mi bí ẹni pé òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni ó jáde nínú ààrò. Ọ̀nà mẹ́ta tí mo fi ń wọn oúnjẹ wò kò ní omi wíwọ́n nínú. Wọ́n ń bù ú, wọ́n ń tì í bọ òróró, wọ́n sì ń jẹ ẹ́. Wọ́n jẹ odindi kan tán, wọ́n jẹ ìdajì èkejì. Wọ́n ní kí a tọ́jú èyí tí ó kù fún àwọn di àárọ̀.

Nígbà náà ni wọ́n sọ ìtàn tí n kò gbọ́ rí. Wọ́n ní nígbà tí àwọn bá ọkọ̀ ojú irin dé Kánò pẹ̀lú àbúrò bàbá wọn, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni àwọn. Gùrásà kan ni àwọn àti ọmọ iṣẹ́ kejì máa ń pín jẹ ní àárọ̀. "Ẹran kẹ̀? Ta ni ó rí owó ẹran?" Nígbà tí àwọn sì mú ìyá wa wá sí Kánò ní ìyàwó tuntun, ìyá wa kò gbọ́ Hausa kan ṣoṣo, wọ́n sì sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn kò jẹun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, Bàbá fi gùrásà lásán àti òróró ẹ̀pà síwájú wọn. Ìyá wa jẹ ẹ́. Bàbá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ìyá rẹ kò fẹ́ ẹran sí i rárá. Títí a fi kúrò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń jẹ ẹ́ ní àárọ̀ Jímọ̀ kí ẹ̀yin ọmọ tó jí."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, àádọ́ta ọdún ó lé ni mo ti wà láyé, n kò mọ èyí. Mo mọ ibi tí bandashe ti dùn, mo mọ ibi tí balangu ti rọ̀, ṣùgbọ́n n kò bi bàbá mi léèrè pé, "Èwo nínú wọn ni ẹ ń fẹ́, báwo ni ẹ sì ṣe máa ń jẹ ẹ́?" Ìbéèrè tí n kò bi àbúrò mi lórí fóònù nìyẹn. Mo fi ẹnu tèmi tọ́ oúnjẹ ẹlòmíràn wò, mo sì pe ìyẹn ní ìtọ́jú. Mélòó nínú wa ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀? A ń ra aṣọ tí ó wu àwa fún ìyá wa, a ń kun ilé bàbá wa ní ọ̀dà tí àwa fẹ́, ó sì ń yà wá lẹ́nu bí wọ́n bá dúpẹ́ tí ojú wọn kò sì tàn.

Bí ẹ bá dé Kánò, ẹ má ṣe ṣàìjẹ gùrásà. Bí ebi bá ń pa yín ní ọ̀sán, ẹ jẹ bandashe lójú ẹsẹ̀ níwájú ẹni tí ó pò ó. Bí ẹ bá mú ọmọdé tàbí àlejò dání, ilé oúnjẹ onígíláàsì yóò tẹ́ yín lọ́rùn. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ohun tí gùrásà ń jẹ́ gan-an, ẹ jí lọ sí Dala. Gbogbo wọn ni ó dára ní àyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ẹ fẹ́ rà á fún, ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Ní báyìí, ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, mo ń fi gùrásà lásán ránṣẹ́ láti inú ọkọ̀ tí ń lọ sí ilé. Bàbá kò tíì sanra, ṣùgbọ́n àbúrò mi ní wọ́n ti ń jẹ àmàlà tán. Nígbà tí mo padà sí Dala, mo fẹ́ san owó méjì tí wọ́n fi ṣe èènì fún mi. Ìyá onígùrásà náà kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní ẹ̀bùn kì í di gbèsè. Mo bá pe Bàbá lórí fóònù, mo sì gbé e lé wọn létí. Àwọn àgbà méjèèjì tí wọn kò rí ara wọn rí kí ara wọn ní èdè Hausa, wọ́n béèrè ara, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè ọjà. Owó inú fóònù mi tán kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí a pẹ́ lẹ́yìn àwọn òbí wa, kí ó sì fún wa ní etí tí a ó fi gbọ́ ohun tí wọ́n ń fẹ́.